Àwo Pákò àti Ayaba Ilẹ̀ Kòríà

Ọjọ́ tí wọ́n máa gbé àwo pákò wá síwájú mi ń sún mọ́lé, mo sì ní iṣẹ́ kíkọ kan lórí ilẹ̀ Kòríà tí n kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ń ro ti pákò, ti Kòríà á wá sọ́kàn. Bí mo bá ṣí ìwé Kòríà, orí mi á tún padà sídìí pákò. Báyìí ni mo ṣe lo gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ní Òkokomáíkò, nínú ilé tí ọkọ mi kọ́ tó sì kan páànù sí, tí kò rí ayé rẹ́ ẹ kí ikú tó mú un lọ.

Owó epo rọ̀bì ti wọ̀lú nígbà náà. Wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ lọ sí Àgbádárìgì, kò sì jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé wa. Katapílà á máa ké láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, yanrìn á máa fẹ́ sínú ọbẹ̀. Gbogbo ayé ló ń ra nǹkan. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá ti ra mọ́tò, àwọn kan sì ra tẹlifíṣọ̀n sí ilé tí iná kò tíì dé, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n ń gbé àlejò wá wò ó. Ẹnu gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ kan wà: ayé ti lajú. Ọ̀rọ̀ náà máa ń bí mi nínú, nítorí n kò tíì rí ibi tí ìlàjú náà ti kàn mí.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ọ̀jọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí àárín ìlú Èkó lọ kẹ́kọ̀ọ́, kí n lè gba oyè nínú ìmọ̀ ìtàn. Òyìnbó kan ló ń kọ́ wa, ó ti gbé ìhà Ìlà-Oòrùn ayé fún ìgbà pípẹ́. Ó kọ àkòrí sórí pépà, ó ká wọn, ó kó wọn sínú fìlà rẹ̀, ó ní kí oníkálukú mú. Ẹnìkan mú Ṣáínà, ẹnìkan mú Jàpáànù. Èmi ṣí tèmi, mo bá a níbẹ̀ pé kí n kọ nípa bí ìwà àti ìṣe àwọn ará ìjọba Kòríà àtijọ́ kan ṣe yí padà, àti ọwọ́ tí ẹ̀kọ́ Kọnfúṣíọ́sì, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà àtijọ́ kan, ní nínú ìyípadà náà. Ẹni tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa Kòríà ni pé wọ́n ja ogun kan níbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Kí n ṣàlàyé ti pákò. Láti apá Ọ̀yọ́ ni bàbá ńlá ọkọ mi ti wá tẹ̀dó sí Ìbà, ẹbí náà sì kó àṣà wọn dání. Bí ọkùnrin bá kú nínú ilé wọn, tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣe opó tán, àwọn ọkùnrin ẹbí tó bá fẹ́ ṣú u lópó á fi pákò ránṣẹ́, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Orín ni àwọn àgbà wọn ń pè é. Wọ́n á tò ó sínú àwo, wọ́n á fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n á gbé e síwájú opó. Pákò ẹni tó bá mú, onítọ̀hún ni ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Opó tó bá ti ní ọmọkùnrin tó dàgbà lè mú ti ọmọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òun kò fẹ́ ọkọ mọ́, òun á jókòó ti ọmọ òun. Obìnrin méjì ni èmi bí.

Bí opó bá sì ní òun kò mú ìkankan, kò sí ẹni tó máa lù ú. Wọ́n á kí i pé ó dàbọ̀, á di ẹrù rẹ̀, á padà sílé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kò sí nínú ẹrù náà. Ilé bàbá ló ni ọmọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí nìyẹn, ibẹ̀ náà ni kò jẹ́ kí n lè jẹun. Àkọ́bí mi ti ń ka ìwé ìròyìn fún mi nígbà tí mo bá ń dáná. Àbúrò rẹ̀ ṣì ń fi ìka di etí mi mú kó tó lè sùn. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n gba kóòtù lọ. Mo mọ obìnrin tó gba kóòtù lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà kí wọ́n tó dá ẹjọ́ náà.

Ọkùnrin méjì ni mo ń retí pákò wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ìkínní, ó ń ta páànù àti sìmẹ́ńtì ní Òkokomáíkò, ó sì ti ní ìyàwó méjì. Gbogbo ènìyàn tó ń kọ́lé ló ń bẹ̀ ẹ́, ó ti sanra, ó ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láì wo ojú ẹni. Kò sí ọmọbìnrin ilé rẹ̀ tó kọjá ìwé mẹ́fà, ìdí páànù ni gbogbo wọn wà. Àbúrò ọkọ mi ni ìkejì. Mo bá a nílé nígbà tí mo wọlé ọkọ, nítorí náà n kò lè dárúkọ rẹ̀, Akọ̀wé ni mo ń pè é. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, Ọ̀jọ́ ló ń gbé, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ jọ máa ń ran aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀ kan náà. Mo máa ń ro ojú tí màá fi wo obìnrin yẹn bí mo bá mú pákò ọkọ rẹ̀.

Ìwé kan ṣoṣo ló wà ní láíbìrì tó sọ̀rọ̀ nípa ìjọba náà. Kogúríyò lorúkọ rẹ̀, ní ìhà àríwá, láyé ọjọ́un. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kà ni pé ní ilẹ̀ yẹn, ọkọ ìyàwó ló ń lọ gbé ilé àna. Wọ́n á kọ́ ilé kékeré sẹ́yìn ilé ńlá. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọkọ á wá sẹ́nu ọ̀nà, á kúnlẹ̀, á dárúkọ ara rẹ̀, á máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun wọlé ti ìyàwó òun. Á bẹ̀, á tún bẹ̀, kí àwọn àna tó ní ó yá, wọlé. Ìgbà tí ọmọ wọn bá dàgbà ni á tó kó ìyàwó lọ sílé tirẹ̀. Mo wá ń ro ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀ níwájú ìyá mi ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, ẹni tó ń ṣọ́ láíbìrì sì bojú wò mí.

Ojú ewé tó tẹ̀ lé e ni mo ti kà á pé bí ẹ̀gbọ́n bá kú nílẹ̀ yẹn, àbúrò ló ń fẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rín náà gbẹ.

Wọ́n ní ọba wọn kan kú láì bímọ. Ayaba kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Lóru ọjọ́ náà, ó jáde fúnra rẹ̀, ó lọ bá àbúrò ọba tó dàgbà jù. Ìyẹn bú u pé irú obìnrin wo ló ń rìn lóru. Ayaba kò bá a jà, ó kọjá lọ sọ́dọ̀ àbúrò tó tẹ̀ lé e. Èyí dìde fún un, ó gbé e jókòó, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ibi tó ti ń gé ẹran fún un, ọ̀bẹ gé e níka. Ayaba tú okùn aṣọ rẹ̀, ó fi dì í. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti di ara wọn lọ́wọ́ mú wọ ààfin, ọkùnrin náà sì di ọba. Mo ka ibẹ̀ ní àkàtúnkà. Obìnrin náà kò dúró de àwo. Mo jowú rẹ̀ gan-an.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Nígbà tí ayaba fẹ́ kú, ó ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ kejì ni kí wọ́n sin òun sí. Wọ́n ní ẹ̀mí ọkọ àkọ́kọ́ gba ẹnu obìnrin kan sọ̀rọ̀ pé ojú ń ti òun, kí wọ́n fi nǹkan dí òun lójú. Wọ́n bá gbin igi lọ́wọ̀ọ̀wọ́ síwájú sàréè rẹ̀. Sàréè ọkọ tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mò ń rí i láti ojú fèrèsé yàrá mi. Láti ìgbà tí mo ti ka ìyẹn ni mo ti ń ti fèrèsé náà, ooru ìbáà mú títí. Olùkọ́ ni mí, mo mọ̀ pé òkú kì í wo ènìyàn, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ Kọnfúṣíọ́sì gbilẹ̀ láàárín wọn. Ọba kan dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ̀kọ́ náà ní kí ọmọ tẹríba fún bàbá, kí àbúrò tẹríba fún ẹ̀gbọ́n, kí aya tẹríba fún ọkọ, kí ará ìlú tẹríba fún ọba. Mo ní ó jọ pé Ìbà ni wọ́n ti tọ́ bàbá yìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà kò fẹ́ràn kí wọ́n máa ṣú opó. Lójú wọn, ìtìjú ni kí obìnrin kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bọ́ sọ́wọ́ àbúrò. Nígbà tó yá, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú tó jókòó jẹ́ẹ́, tí kò wo ọkùnrin mọ́ títí tó fi kú, òun ni wọ́n wá ń pè ní obìnrin rere. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó kọ ìtàn ayaba náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún bú u bí ẹni láyin. Èmi ka gbogbo èyí, mo sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi pé ayé àwọn obìnrin Kogúríyò dára sí i. Inú mi dùn fún wọn. Mo ń retí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìbà.

Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ náà pé, mo pinnu pé n kò ní jókòó máa gbọ̀n. Mo wọ aṣọ dúdú mi, mo lọ bá Akọ̀wé ní Ọ̀jọ́, ní ọ̀sán gangan, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní mo ń rìn lóru. Ó ń fọ mọ́tò rẹ̀ tuntun lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ lórí omi ọṣẹ.

Mo ní, “Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi pákò ránṣẹ́.”

Ó fa ọwọ́ mi sókè. “Ẹ dìde jàre, ìyàwó wa. Pákò kẹ̀? Ayé ti lajú! Mo jẹ́ díákónì, wáìfù kan ṣoṣo ni Bíbélì ní kí n fẹ́. Mo ti bá bọ̀dá wa sọ̀rọ̀, àwọn náà ò fẹ́ wàhálà. Ẹ má wọ́rì rárá.”

Ìyàwó rẹ̀ gbé ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó tutù wá fún mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé òun náà kò tíì sùn láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Ara tù mí dé ibi pé mo sunkún. Akọ̀wé ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ní mo ṣì kéré, ó ní kí n padà sí Abẹ́òkúta lọ sinmi, ó ní wọ́n á fi ẹni tó máa máa sanwó ilé sí inú ilé náà, ó ní àwọn ọmọ ò ní níṣòro, ẹbí á mójú tó wọn. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo dúpẹ́, mo kúrò níbẹ̀.

Inú ọkọ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó sọ. Mo ti fẹ́ẹ̀ dé Òkokomáíkò kó tó yé mi dáadáa. Ṣíṣú opó nìkan ni ìlàjú wọn fọwọ́ kàn. Kò dé ìdí ọ̀rọ̀ ọmọ. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá gba ọmọ gbọ́dọ̀ gba ìyá, kó bọ́ ọ, kó fún un ní yàrá. Àwọn wọ̀nyí á gba ọmọ, wọ́n á gba ilé, wọ́n á fi Bíbélì ti ìyá jáde. Nígbà tí mo délé, mo fa ìlà pa gbolóhùn tí mo kọ nípa àwọn obìnrin Kogúríyò. Mo wá inú ìwé náà títí, n kò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ta ló ń bọ́ obìnrin tó jókòó jẹ́ẹ́.

Ọjọ́ náà pé. Inú gbọ̀ngàn ilé ńlá wọn ní Ìbà la jókòó sí. Bàbá ló wà lórí àga, àbúrò bàbá ọkọ mi, òun ni olórí ẹbí. Ó ti gbó gan-an, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, àwọn ìyàwó rẹ̀ ti kú tán. Orín wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń run ún díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé oorun ń kùn ún. Àwọn ọmọ mi jókòó lórí ẹní lẹ́yìn mi. Mo rí i pé ìyálé ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó tì wọ́n, báàgì aṣọ ọmọ mi kékeré sì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo di báàgì náà.

Wọ́n gbé àwo dé, wọ́n ṣí aṣọ funfun. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ń wo ògiri. “Ìyàwó, a ò fẹ́ ni yín lára. Ayé ti yí padà. Ẹ lè máa lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí yín, ẹ lè fẹ́ ẹni tó bá wù yín. Àgbà nínú àwọn ọmọ á wà lọ́dọ̀ Akọ̀wé, kékeré á wà lọ́dọ̀ mi.” Akọ̀wé ní àmín. Àwọn kan nínú ilé kí mi kú oríire. Ìyálé náà di ọmọ mi kékeré lọ́wọ́ mú, ó ní ó yá, dìde. Ọmọ náà yí ojú padà wò mí.

N kò mọ bí mo ṣe sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù bà mí débi pé n kò gbọ́ ohùn ara mi dáadáa. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́. Ta ló bi mí bóyá mo fẹ́ lọ? Ṣebí nínú ilé yìí, opó ló ń yàn? N kò tíì kọ ọkọ o. Mo fẹ́ yàn.”

“Ta lẹ fẹ́ yàn?” Akọ̀wé bi mí. “Àwo ṣófo, ìyàwó wa.”

Mo na ọwọ́ sí Bàbá. Mo ní, “Orín tó wà lẹ́nu wọn yẹn ni mo mú.”

Ilé dàrú. Àwọn obìnrin pariwo, ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dìde dúró ó ní kí n má sọ ẹbí òun di ẹlẹ́yà. Ó ní òògùn wèrè ló yẹ kí wọ́n wá fún mi. Àwọn tó ń pariwo nípa ìlàjú láti àárọ̀ wá ń bi ara wọn pé ṣé àṣà gbà á. Bàbá yọ orín kúrò lẹ́nu, ó sì gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀.

Ó ní, “Èyí ti rin.”

Ó wá dá a sí méjì. Ó ju èyí tó rin sílẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ wá etí àwo, ó sì gbé ìdajì tó gbẹ sínú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ti lajú. Èmi ò tíì lajú, kò sì sí ẹni tó máa là á fún mi mọ́. Orín mi ti wà nínú àwo. Bó bá mú un, ìyàwó mi ni, inú ilé tó wà ni á máa gbé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn ọmọ á wà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó sọ ọ́ lójú mi.” Akọ̀wé ń wo bàtà rẹ̀.

Mo rákò lọ síbẹ̀, mo na ọwọ́. Bàbá fi ọwọ́ rẹ̀ bo àwo. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé èmi nìkan ló gbọ́.

“Ọmọ mi, n ò lè ṣe ọkọ fún ẹ, o sì mọ̀. Mi ò ní pẹ́ kú. Tí mo bá kú, opó mi ni wọ́n á máa pè ọ́, bí o bá sì ti fẹ́ ọkọ míì, wọ́n á wá gba àwọn ọmọ yìí, mi ò ní sí níbẹ̀. Ìjókòó lo fẹ́ jókòó yìí o, títí wọ́n á fi dàgbà, títí ìwọ náà á fi dàgbà. Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀?”

Mo rò ó fìrí pé ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé Kòríà fẹ́ gan-an nìyí, pé mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi gba ọ̀nà àṣà àtijọ́ wọlé tọ̀ wọ́n. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí. Ara mi kò tíì kú. Mo ní, “Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá.” Irọ́ ni, n kò mọ̀ ọ́n, ó tó ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Mo mú orín náà, mo sì dì í mú gírígírí. Lẹ́yìn mi, ìyálé náà ti jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ mi kékeré, ọmọ náà sáré wá, ó sì fi ìka méjèèjì di etí mi mú lójú gbogbo wọn.